Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Èkó Sanwó Rẹ̀ Tí Kò Rí Wọ̀

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá sí Marínà ní Èkó láti ṣí ojú irin tí wọ́n pè ní Blue Line. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú gbà á lálejò, àwọn ìjòyè ìjọba pé jọ, Ààrẹ sì wọ inú ọkọ̀ tuntun náà lórí ìlà kìlómítà 13 tí ó ti Marínà dé Máìlì Túù. Inú àwọn ará Èkó dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó ti gbọ́njú ṣáájú ọdún 1985 kò lè wo àwòrán ọjọ́ náà kí wọ́n má rántí pé ọwọ́ kan náà tí ó ṣí ojú irin yìí ni ó ti fagi lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an nínú ìlú kan náà, nígbà tí ẹni tí ó ni ọwọ́ náà ṣì ń wọ aṣọ ológun.

Ọdún méjìdínlógójì ni ó wà láàrin àṣẹ àkọ́kọ́ àti èkejì. Láàrin àsìkò yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bí ọmọ, tí ọmọ náà dàgbà, tí òun náà gba iṣẹ́, tí ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà lórí afárá kan náà. Lateef Jákàńdè, gómìnà tí ó gbèrò ojú irin àkọ́kọ́, kò sí níbẹ̀ láti wo èkejì. Ó ti jáde láyé ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2021, ní ẹni ọdún 91.

Kí ohun tí Jákàńdè fẹ́ ṣe tó lè yé ènìyàn dáadáa, ìtàn náà gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀. Kì í ṣe pé ìjọba kò ní ètò ìrìnnà rí ní ilẹ̀ yìí. Àwọn Òyìnbó amúnisìn ní ètò, ètò wọn sì múná. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Ọdún náà ni wọ́n parí afárá Carter tí ó so Ìdó mọ́ erékùsù Èkó. Ní ọdún 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá náà wọ ìgboro. Nítorí náà, ènìyàn ti wọ ọkọ̀ ojú irin nínú ìgboro Èkó rí, kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àlá ọ̀la. Ògo ọkọ̀ kékeré náà kò pẹ́. Ó di ọkọ̀ tí ń kó ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú lọ dà sínú ọ̀sà, wọ́n sì pa á tì pátápátá ní 1933.

Ta ni ètò àwọn amúnisìn wà fún? Kòkó, ẹ̀pà àti òwú ni ojú irin ńlá wọn tẹ̀ lé dé èbúté. Bí ẹrù yóò ṣe dé inú ọkọ̀ òkun ni wọ́n rò. Bí obìnrin alájàpá yóò ṣe ti Mùṣin dé Ìdúmọ̀tà kí ọjà tó kún kò sí nínú ìṣirò wọn. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ra lọ́rì ní àwọn ọdún 1920, tí lọ́rì wọn sì ń gba ẹrù mọ́ rélùwéè lọ́wọ́, ohun tí ó jẹ ìjọba lógún ni bí yóò ṣe dáàbò bo ojú irin tirẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìwé àṣẹ, owó orí mọ́tò, ibi tí wọ́n la ọ̀nà sí àti ibi tí wọn kò là á sí, gbogbo rẹ̀ ni èrò yìí nípa lé lórí. Òfin ìrìnnà bẹ̀rẹ̀ bí ohun tí ìjọba fi ń pa owó tirẹ̀ mọ́, àbùkù ìbí yẹn kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ tán.

Ìrìn àwọn ènìyàn fúnra wọn bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Ilé-iṣẹ́ Zarpas ni bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbé àwọn ará Èkó kiri, títí di ọdún 1958 tí Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó fi rà á, tí ó sì di bọ́ọ̀sì ìjọba. Àwọn tí bọ́ọ̀sì kò dé ọ̀dọ̀ wọn wọ bọ́ọ̀lẹ̀kájà, ọkọ̀ onípákó tí orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó láti sọ bí ìjókòó inú rẹ̀ ṣe rí.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé. Ìkànìyàn ọdún 1963 ka nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 ènìyàn ní agbègbè tí ó di Ìpínlẹ̀ Èkó; ìkànìyàn ọdún 1991 ka ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 5 ààbọ̀. Láàrin ìkànìyàn méjèèjì yìí ni Èkó ti kúrò ní ìlú tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn já. Afárá àti òpópónà ni ìjọba ológun àwọn ọdún 1970 fi dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ bí afárá bá ṣe ń pọ̀ ni mọ́tò ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára, wọ́n ṣòfin pé kí àwọn ọkọ̀ tí nọ́ḿbà wọn jẹ́ ti 1, 3, 5, 7 àti 9 máa jáde ní ọjọ́ tiwọn, kí àwọn yòókù máa jáde ní ọjọ́ kejì. Àwọn olówó kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ra mọ́tò kejì tí nọ́ḿbà rẹ̀ bá ọjọ́ kejì mu. Òfin tí ó yẹ kí ó dín mọ́tò kù ni ó wá ń tà á.

Irú ìlú báyìí ni Jákàńdè gbà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1979, lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Akọ̀ròyìn ni tẹ́lẹ̀, ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Nigerian Tribune. Nígbà tí ó di gómìnà, inú ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú ni ó ń gbé, mọ́tò Toyota tirẹ̀ ni ó sì ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ èyí láti fi yin ìwọ̀ntúnwọ̀nsì rẹ̀. Ó ní ìtumọ̀ mìíràn: ẹni tí ó ń gbé ní Ìlúpéjú mọ ohun tí ojú èrò ń rí láàárọ̀.

Ohun tí ó ya ètò rẹ̀ sọ́tọ̀ ni pé ó wo ilẹ̀, omi àti irin papọ̀. Lórí omi, ó gbé ọkọ̀ méjì jáde tí wọ́n ń jẹ́ Bàbá Kékeré àti Ìta Fàájì, kí àwọn tí ń ti Máìlì Túù bọ̀ wá sí erékùsù lè fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní ọ̀nà mìíràn. Lórí irin, ó gbèrò Metroline, ìlà kìlómítà 28.5 láti Marínà dé Agége. Àgbájọ àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé tí ń jẹ́ Interinfra ni ó gba iṣẹ́ náà, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 689 náírà. Ní oṣù Keje ọdún 1983, Ààrẹ Shehu Shagari fúnra rẹ̀ wá sí Yábàá láti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí wíwá Shagari yìí. Ẹgbẹ́ NPN ni tirẹ̀, ẹgbẹ́ UPN ni ti Jákàńdè, ìdìbò ọdún náà sì ti kanlẹ̀kùn. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó pa wọ́n pọ̀ sójú kan. Ìwé òfin ọdún 1979 ti fi rélùwéè sínú àkójọ àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, ó sì fi owó yíyá fún ìpínlẹ̀, ìbáà ṣe nílé ìbáà ṣe lókè òkun, sínú àkójọ kan náà. Ìpínlẹ̀ Èkó lè ya àwòrán, ó lè wá agbaṣẹ́ṣe, ó lè ka iye èrò tí yóò wọ ọkọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Níbi yìí ni ikú Metroline ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́jọ́ ayẹyẹ Yábàá, kò jọ pé ẹnì kan fẹ́ sọ ọ́ jáde.

Ní ọjọ́ ìparí ọdún 1983, àwọn ológun gba ìjọba. Jákàńdè lọ sí àtìmọ́lé pẹ̀lú àwọn gómìnà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1985, kí wọ́n tó lé Buhari fúnra rẹ̀ kúrò ní oṣù Kẹjọ, ìjọba rẹ̀ ti fagi lé Metroline.

Àwọn tí ó fagi lé e ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Owó epo ti já wálẹ̀, gbèsè òkè òkun ń ga, ìjọba sì ń wá ibi tí yóò ti dín ìnáwó kù. Ìlà kan nínú ìlú kan, tí ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo yóò jàǹfààní rẹ̀, kò ní olùgbèjà ní bárékè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ènìyàn ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ kì í kú lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là ni wọ́n sábà máa ń kà sílẹ̀ pé àwọn asanwó-orí Èkó pàdánù lórí rẹ̀. Ìjọba tí ó ní òun ń tọ́jú owó náwó náà tán, kò sì sí irin, kò sí ibùdó, kò sí ọkọ̀ tí ènìyàn lè nàka sí pé òun ni owó náà ṣe.

Ẹ̀sùn tí ó wúwo jù sì kọ́ nìyẹn. Ìjọba tí kò lówó lè dá iṣẹ́ dúró fún ọdún mélòó kan. Ó lè gé ìlà kìlómítà 28.5 sí ìdajì. Ó lè ní kí àdéhùn wà nílẹ̀ títí owó epo yóò fi gbé orí sókè. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó ṣẹlẹ̀. Kò sì sí ètò kan tí wọ́n gbé sípò èyí tí wọ́n yọ kúrò. Ọdún mẹ́ta kọjá kí ìjọba Ibrahim Babangida tó dá ètò bọ́ọ̀sì ọ̀pọ̀ èrò sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 1988, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé rẹ̀ ti sọ owó ọkọ̀ di ẹrù sórí òṣìṣẹ́. Ní 1990 ni wọ́n parí afárá kẹta tí ó wọ erékùsù, kìlómítà 11.8 lórí ọ̀sà, iṣẹ́ ńlá tí ó lẹ́wà. Afárá mọ́tò ni. Kò sí ojú irin lórí rẹ̀.

Èrò tí ìbá wọ Metroline kò jókòó sílé dúró. Mọ́luè gbé wọn, bọ́ọ̀sì tí àwọn alágbẹ̀dẹ kan ara rẹ̀ mọ́ egungun ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911, tí iye ẹni tí ó dúró nínú rẹ̀ máa ń ju iye ẹni tí ó jókòó lọ. Dáńfó gbé wọn. Nígbà tí mọ́tò tuntun di ohun tí owó oṣù kò lè rà mọ́, tí ọ̀nà àdúgbò sì bàjẹ́ débi pé dáńfó kọ̀ láti wọ̀ ọ́, alùpùpù gbé wọn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ni àwọn ènìyàn fi pè é, Ọ̀kadà, nítorí pé òun nìkan ni ó lè fò kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí ó sọ òótọ́ nípa ìlú náà ju ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba lọ.

Àṣìṣe ni láti rò pé ìrìnnà Èkó kò ní alákòóso ní àwọn ọdún yẹn. Ó ní. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, NURTW, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ni ó ń sọ ẹni tí yóò tò ní gáréèjì, ẹni tí yóò kó èrò àti iye tí yóò san kí ó tó gbéra. Agbèrò tí ó dúró sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú ìwé owó lọ́wọ́ jẹ́ aláṣẹ tí awakọ̀ mọ̀ ju gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba lọ. Àkóso wà, owó sì ń wọlé lórí àkóso náà. Ohun tí kò sí ni ẹnikẹ́ni tí èrò lè bi léèrè ìdí tí owó ọkọ̀ fi di ìlọ́po méjì bí òjò bá ti ṣú.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, ìjọba Bọ́lá Tinúbú dá LASTMA sílẹ̀ ní ọdún 2000 láti máa darí ọkọ̀ lójú pópó, ó sì dá LAMATA sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 2002 láti máa ṣètò ìrìnnà gbogbo ìlú ńlá náà. Ti LAMATA ni ó ṣe pàtàkì jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti LASTMA ni awakọ̀ mọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1983, ibi kan wà nínú ìjọba tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rò ó ṣáájú. Báńkì Àgbáyé bá wọn dá sí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008, ní àsìkò Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà kìlómítà 22 láti Máìlì 12 dé CMS, pẹ̀lú apá kan ojú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Àwòrán LAMATA fún ọjọ́ iwájú sì ní ojú irin mẹ́fà àti mọ́nòréèlì kan.

Àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n iye ènìyàn tí wọ́n yà á fún jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjà. Ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2006 sọ pé mílíọ̀nù 9 ni àwọn ará Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ ka tirẹ̀, ó ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù 17. Ìyàtọ̀ mílíọ̀nù mẹ́jọ nìyẹn. Ó ṣòro láti mọ iye bọ́ọ̀sì tí ó yẹ kí ènìyàn rà nígbà tí ìjọba méjì kò fẹnu kò lórí bóyá odindi ìlú kan wà tàbí kò sí.

Apá kejì àkóso náà ni ó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn tààrà, òun sì ni ìfòfindè. Òfin ìrìnnà Èkó ti ọdún 2012 lé Ọ̀kadà kúrò ní ojú ọ̀nà 475. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n fòfin dè é pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá yìí kan náà ni ìjọba ológun Buba Marwa ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọ Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n tún òfin náà pa lórí Ọ̀kadà. Ìjọba ní ìdí: ìjàǹbá ń ṣẹlẹ̀, àwọn olè ń fi alùpùpù sá lọ, ẹ̀ka ìtọ́jú eegun ní ilé ìwòsàn sì kún. Kò sí ẹni tí ó lè pe gbogbo ìyẹn ní irọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn òwúrọ̀ oṣù Kejì ọdún 2020, ẹsẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi rìn lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé wọ́n mú ohun tí ń gbé wọn kúrò kí ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ tó tó. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà fagi lé Metroline. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba tí ìlú dìbò yàn ni ó ṣe é, lábẹ́ òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ológun ní láti wo Blue Line dáadáa. Ní 2009 ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún CCECC, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà, ìrètí sì ni pé yóò parí ní 2011. Kò sí àṣẹ bárékè kan tí ó dá a dúró. Fáṣọlá parí sáà rẹ̀, Akínwùnmí Àḿbọ̀dé wá ó sì lọ, Sanwó-Olú bọ́ sí ọdún kẹrin rẹ̀, kí ìlà náà tó pé. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni ó ń ṣàkóso Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, bí orúkọ ẹgbẹ́ náà tilẹ̀ yí padà. Ìṣúná ọdọọdún ni ó ń bọ́ iṣẹ́ tí ó gba ọdún mẹ́wàá, tí ọdún kan bá ṣàìsàn, iṣẹ́ náà á dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òpó kọnkéré tí ó nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Bàdágìrì kò ru ohunkóhun, àwọn ọlọ́jà sì ń pàtẹ sí òjìji wọn.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí Buhari ṣí ìlà náà, ó fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè tí ó yọ rélùwéè kúrò nínú àkójọ ìjọba àpapọ̀ nìkan, tí ó fi fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ní tiwọn. Ìròyìn náà kò pariwo tó ayẹyẹ Marínà. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ó ṣe fún ìrìnnà Èkó, bóyá òun ni yóò pẹ́ jù, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ tí Jákàńdè kò ní lọ́wọ́ ni. Owó yíyá láti òkè òkun ṣì wà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, Tinúbú, tí ó ti di Ààrẹ, ṣí Red Line láti Agbádó dé Òyìngbò, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ìlà kìlómítà 27 yìí ni ó sún mọ́ èrò Jákàńdè jù: ó gba Agége, ó gba Ìkẹjà, ó gba Yábàá tí Shagari ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Kò dé Marínà. Èrò tí ó bá ń lọ sí erékùsù yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Òyìngbò, ibi tí kò jìnnà sí Ìdó tí ọkọ̀ kékeré ọdún 1902 ti ń gbéra, yóò sì wá bọ́ọ̀sì tàbí dáńfó tí yóò gbé e gba orí afárá kọjá.